Ẹ Kọ́ Bí A Ti Ń Dúró Kí Ẹ Tó Kọ́ Bí A Ti Ń Sáré

Ìmọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun alùpùpù ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n àti gbogbo ìhà ìwọ̀-oòrùn Èkìtì



Ó lè yà yín lẹ́nu pé ìwé yìí kò sọ̀rọ̀ nípa kòkó, kò sọ̀rọ̀ nípa iṣu, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gẹ́. Alùpùpù ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ lè béèrè pé kí ni ó kan òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ alùpùpù.

Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Kòkó tí a tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ìgbà ìkórè kò di owó títí yóò fi kúrò ní oko, alùpùpù ni ó sì ń gbé e kúrò ní oko ní agbègbè wa lónìí. Òun ni ó ń gba ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè gbà, láti àwọn abúlé tí ó yí Ìjerò, Ìkòrò àti Ìpótì ká, títí dé àwọn oko tí ó wà lábẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n àti Òkè-Ìmẹ̀sí. Òun ni ó ń gbé ajílẹ̀ àti oògùn kòkó lọ, òun náà ni ó ń gbé iṣu bọ̀ ní ọjọ́ ọjà. Bí obìnrin bá ń rọbí ní abúlé ní òru, òun ni a ń sáré wá. Ohun èlò oko ni, gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ àti àdá ti jẹ́ ohun èlò oko. Kò sí baba tí yóò fi àdá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láìkọ́ ọ bí a ti ń mú un. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń fi alùpùpù lé ara wa lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ tí a sì ń kọ́ kò ju bí a ti ń fi ẹsẹ̀ jí ẹ́ńjìnnì àti bí a ti ń fún un níná kí ó lè sáré. Bí a ti ń dá a dúró kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà.

Orí ni àwọn baba wa fi ń ru kòkó dé ìlú. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ ológeere dé. Nígbà tí alùpùpù wá pọ̀ lóde, tí a ń pè é ní ọ̀kadà nípa orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí a dá sílẹ̀ ní 1983, a gbé ìwà tí a ti kọ́ lórí kẹ̀kẹ́ lọ sórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ dé orí òkè a gbé ẹsẹ̀ sókè, a jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa yí lọ fúnra rẹ̀ kí ara lè sinmi. Bí ó bá fẹ́ dúró, a fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n alùpùpù wúwo ju kílò 100 lọ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé e. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè dá a dúró.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti jẹ nínú ìyà àìmọ̀ yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tí wọ́n rán mi wá sí ìhà ibí, alùpùpù ni wọ́n fún mi láti máa fi bẹ oko wò. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi kọ́ ọ. Ẹni tí ó kọ́ mi sọ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan bíréèkì iwájú láé, nítorí pé yóò gbé mi ṣubú. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti dúró dáadáa, mo di ọmọ kòkó inú ọ̀rá sínú apẹ̀rẹ̀ méjì sí ẹ̀yìn alùpùpù náà. Mo ń gbé wọn lọ fún àwọn àgbẹ̀ abúlé kan ní ìsàlẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n ti gbẹ́ ihò sílẹ̀, wọ́n sì ń retí mi. Bí mo ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo fi jíà sí fíríì kí epo lè dín kù, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé bíréèkì ẹ̀yìn, n kò sì gbé e kúrò mọ́. Kí n tó dé ìdajì òkè, bíréèkì náà kò mú mọ́ bí ti àkọ́kọ́. Mo yí kọ́nà kan, mo sì rí ìyá àgbàlagbà kan tí ó ru iṣu, tí ó ń sọdá. Mo fi gbogbo ìwúwo ara mi tẹ bíréèkì ẹ̀yìn náà. Táyà ẹ̀yìn ti bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́ etí títì, ó sì yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Inú gọ́tà ni mo ti bá ara mi.

Ìyá náà ti ju iṣu sílẹ̀, ó ti fò sí ẹ̀gbẹ́, ohunkóhun kò ṣe é. Egungun èjìká mi ni ó dá. Kí wọ́n tó gbé mi lọ, ìyá náà wò mí, ó ní ọmọ òun, mo mọ bí a ti ń sáré, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ti ń dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi so ọwọ́ kọ́ ọrùn. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ó dùn mí jù. Ọmọ kòkó tí mo ń gbé lọ ti fọ́n ká sí inú gọ́tà. Kí wọ́n tó rí òmíràn, òjò ti lọ jìnnà. Àwọn àgbẹ̀ náà gbìn ín ní ìparí òjò, ọ̀gbẹlẹ̀ sì bá a kí gbòǹgbò rẹ̀ tó wọlẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kú. Ọdún kan odindi ni wọ́n pàdánù nítorí pé òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kò mọ bíréèkì í tẹ̀.

BÍRÉÈKÌ MÉJÌ NI ALÙPÙPÙ NÍ

Lórí àwọn alùpùpù tí ó pọ̀ ní agbègbè wa, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń fún bíréèkì iwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó sì ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì ni ó ń fún kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì ni ó sì ń yí jíà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń lo ti ẹ̀yìn nìkan, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n ṣe alùpùpù kan fi ti iwájú ṣe ẹ̀ṣọ́ sí i ni.

Ẹ wo ọmọbìnrin tí ó ń ti odò bọ̀, tí ó ru ìkòkò omi. Bí ó bá dúró lójijì, ibo ni omi ń dà sí? Iwájú ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú alùpùpù. Bí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo alùpùpù àti ti ẹni tí ó gùn ún a rọ́ síwájú. Táyà iwájú a tẹ ilẹ̀ dáadáa, a di ilẹ̀ mú. Táyà ẹ̀yìn a fúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ a sì tú nílẹ̀. Nítorí náà, lórí ọ̀nà ọlọ́dà tí ó gbẹ, bí a bá pín agbára tí ó ń dá alùpùpù dúró sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bí méje nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ bíréèkì iwájú. Ẹni tí ó bá ń lo ti ẹ̀yìn nìkan dà bí ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé àpò kòkó.

Kí wá ni ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń bẹ̀rù rẹ̀? Ìdí ni pé wọ́n ń já a gbà lójijì. Bí a bá fún un gbà-á, táyà iwájú yóò dì kí ìwúwo tó dé orí rẹ̀, yóò yọ̀, ẹni náà yóò sì ṣubú. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti bíréèkì, ti ọwọ́ ni. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ẹni tí ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kí omi rẹ̀ ta sí aṣọ òun ni kí ẹ ti fún bíréèkì iwájú: ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ títí yóò fi mú, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi agbára kún un.

BÍ A TI Ń DÚRÓ

Bí ẹ bá rí ohun tí ó mú kí ẹ fẹ́ dúró, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ dá ọwọ́ tí a fi ń fún un níná padà pátápátá, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fà yín sẹ́yìn.

2. Ẹ fún bíréèkì iwájú, kí ẹ sì tẹ ti ẹ̀yìn ní àkókò kan náà. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi agbára kún ti iwájú bí eré ti ń dín kù. Ti ẹ̀yìn kò fẹ́ agbára púpọ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ alùpùpù dúró gbọọrọ, kí ara yín sì wà ní òró. Ẹ fi orúnkún méjèèjì há táńkì epo mọ́ra, kí apá yín má sì le bí igi.

4. Ẹ wo ọ̀ọ́kán. Ẹ má wo ilẹ̀ tí ó wà níwájú táyà, ẹ má sì tẹjú mọ́ kòtò tí ẹ ń sá fún, nítorí pé ibi tí ojú bá tẹ̀ mọ́ ni alùpùpù ń lọ.

5. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó dúró, ẹ fún kílọ́ọ̀ṣì, ẹ dá jíà padà sí ọ̀kan, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí bíréèkì.

Bí táyà ẹ̀yìn bá dì tí ó ń yọ̀, ẹ dín títẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, yóò tún yí. Bí ti iwájú bá dì, ẹ tú u sílẹ̀ kíákíá, kí ẹ sì tún un fún pẹ̀lú ẹ̀sọ̀. Kò sí àkókò láti ronú nígbà náà. Ìdí nìyí tí ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé.

ERÉ ÀTI ÀYÈ TÍ A FI Ń DÚRÓ

Láti ìgbà tí ojú bá ti rí ewu títí di ìgbà tí ọwọ́ yóò fún bíréèkì, ó tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Alùpùpù kò dúró dè yín ní gbogbo àkókò náà. Ẹni tí ó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan a ti lọ mítà 11 kí bíréèkì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ebè iṣu wọn ọ̀rọ̀ yìí, kí a ka ebè kan sí mítà kan. Lórí ọ̀nà ọlọ́dà tí ó gbẹ, tí bíréèkì méjèèjì sì dára, ẹni tí ó ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan yóò lo nǹkan bí ebè 8 kí ó tó dúró. Bí ó bá ń sáré 40, yóò lo nǹkan bí ebè 22. Bí ó bá ń sáré 60, yóò lo nǹkan bí ebè 42. Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí eré di ìlọ́po méjì, àyè tí ó fi dúró ju ìlọ́po méjì lọ. Àyè tí bíréèkì fúnra rẹ̀ ń lò ni ó di ìlọ́po mẹ́rin.

Bí ó bá sì jẹ́ bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ni ó lò, àyè tí bíréèkì ń lò lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó yẹ kí ó ti dúró sí ebè 22 yóò tún lọ sí nǹkan bí ebè 30. Bí ọmọdé bá dúró sí ebè 25, ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ní ẹ̀bá ilé ẹ̀kọ́, ní ọ̀nà ọjà, àti ní ibi tí ewúrẹ́ pọ̀ sí, kí eré yín má ju 20 sí 30 lọ.

GẸ̀RẸ́GẸ̀RẸ́ ÒKÈ

Ọ̀rọ̀ òkè ni ó ṣe pàtàkì jùlọ fún àwa ará ìhà ibí, nítorí pé kò sí ibi tí a lè yà sí láti Ẹ̀fọ̀n, Òkè-Ìmẹ̀sí tàbí Ìkògòsì tí a kò ní bá òkè pàdé.

Ẹ má ṣe fi jíà sí fíríì láti sọ̀kalẹ̀ òkè láé, ẹ má sì ṣe pa ẹ́ńjìnnì. Epo tí ẹ rò pé ẹ ń fi pamọ́ kò tó nǹkan kan. Bí jíà bá wà nínú ẹ́ńjìnnì, tí ẹ sì dá ọwọ́ iná padà, ẹ́ńjìnnì náà ni ó ń di alùpùpù mú láti ẹ̀yìn. Òun ni bíréèkì kẹta, kì í gbóná jù, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá fi sí fíríì ti ju bíréèkì yìí nù, ó sì ti di gbogbo ẹrù ru bíréèkì méjì tí ó kù.

Òfin rẹ̀ kò le: jíà tí ẹ bá fi gun òkè kan ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Bí jíà kejì ni ẹ fi gùn ún, jíà kejì ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀. Orí òkè ni kí ẹ ti yí i, kí ẹ má dúró di ìgbà tí eré bá ti gbà yín lọ.

Ẹ má sì fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí mo ti ṣe. Nínú ìdí táyà àwọn alùpùpù wa, ṣúù méjì ni ó ń fẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ara ha irin rìbìtì tí ó yí wọn ká. Ìháhá yìí ni ó ń mú ooru wá. Bí ooru bá pọ̀ jù, ṣúù náà kì í di irin mú mọ́, bí ó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó. Nítorí náà ẹ fún bíréèkì dáadáa fún ìgbà díẹ̀ kí eré lè dín, ẹ tú u sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, kí ẹ sì tún un fún. Bí ẹ bá rí i pé kò mú mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, ẹ wá ibi títẹ́jú, kí ẹ dúró títí yóò fi tutù. Ẹ má fi ọwọ́ kan ìdí táyà náà, yóò jó yín.

KỌ́NÀ, ÒJÒ ÀTI ERUKU

Kí ẹ tó wọ kọ́nà ni kí ẹ ti dín eré kù. Táyà tí ó ń yí kọ́nà ti ń lo agbára rẹ̀ láti fi di ilẹ̀ mú, bí ẹ bá tún fún bíréèkì gírígírí níbẹ̀, yóò yọ̀. Ẹ jẹ́ kí alùpùpù wọ kọ́nà pẹ̀lú ìwọ̀nba eré, kí ẹ má sì súnmọ́ àárín ọ̀nà, nítorí pé ẹ kò mọ ọkọ̀ tí ó ń bọ̀.

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Eruku àti epo tí ọkọ̀ ti ń kán sí ojú ọ̀nà láti ọjọ́ yìí wá a pò pọ̀ mọ́ omi, ọ̀nà a sì máa yọ̀ bí ilá. Ẹ dín eré kù, kí ẹ sì fi àyè tí ó tó ìlọ́po méjì sí àárín yín àti ọkọ̀ iwájú. Bíréèkì méjèèjì náà ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ fúyẹ́ sí i.

Lórí ọ̀nà oko, yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ a máa yí lábẹ́ táyà bí èkùrọ́. Níbẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ti iwájú, kí ẹ jẹ́ kí ti ẹ̀yìn àti jíà kékeré ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe ní ibi tí a bá sá kòkó tàbí ẹ̀gẹ́ sí etí ọ̀nà ọlọ́dà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá a síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ronú kan ẹni tí táyà rẹ̀ yóò gun orí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Bí ẹ bá la odò kékeré kọjá, omi lè wọ inú ṣúù bíréèkì. Ẹ rọra máa lọ, kí ẹ fún bíréèkì díẹ̀díẹ̀ fún ìwọ̀nba àkókò títí yóò fi gbẹ, kí ẹ tó tún sáré.

ẸRÙ ÀTI ÈRÒ Ẹ̀YÌN

Àpò kòkó kan ju kílò 60 lọ, ìyẹn ni pé ó wúwo tó ènìyàn kan. Ẹni tí ó di àpò méjì sẹ́yìn ti gbé ènìyàn méjì tí kò lè di nǹkankan mú. Ẹrù a máa mú kí àyè tí a fi ń dúró gùn, a sì máa mú kí bíréèkì tètè gbóná lórí òkè. Ẹrù tí ó bá ga a máa fẹ́ yí alùpùpù nù ní kọ́nà. Nítorí náà kí ẹrù wà nísàlẹ̀, kí ó wà ní àárín, kí a sì fi okùn rọ́bà dì í dáadáa. Ẹ má gbé ẹrù sí orí táńkì epo ní iwájú yín, nítorí pé kò ní jẹ́ kí ẹ lè yí ọwọ́ alùpùpù. Ẹ̀ẹ̀mejì tí a lọ tí a sì bọ̀ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tí a kò dé ilé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé sẹ́yìn. Kí ẹ tó gbéra, ẹ sọ fún un kí ó di yín mú ní ìbàdí, kí ó má sì yí ara sí òdì nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà. Bí ẹ bá fún bíréèkì, ara rẹ̀ yóò rọ́ lù yín láti ẹ̀yìn, ẹ múra sílẹ̀ fún un. Ìyá tí ó pọn ọmọ, ẹ kí í dáadáa, kí ẹ sì rọra gbé e.

AKOTO

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú àwọn tí wọ́n ń gun alùpùpù láìdé akoto. Àwọn kan sọ ọ́ di eré. Wọ́n gé igbá, wọ́n dé ike ọ̀dà, kí wọ́n lè kọjá lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í gba rìbá, kò sì sí ẹni tí ó lè fi igbá tàn án. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí wọ́n kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ rí i pé akoto gidi a máa dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, a sì máa dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69 nínú 100. Ẹ dé e kí ẹ sì so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Akoto tí a kò so, bí a bá ṣubú, ọ̀tọ̀ ni yóò máa lọ, ọ̀tọ̀ ni orí yóò máa lọ.

ÀYẸ̀WÒ ÒWÚRỌ̀

Kò sí àgbẹ̀ tí ó ń lọ sí oko láìwo ẹnu àdá rẹ̀. Kí ẹ tó gun alùpùpù ní òwúrọ̀, ẹ fún bíréèkì iwájú kí ẹ sì tì í síwájú: kò gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ tẹ ti ẹ̀yìn kí ẹ sì tì í: kò gbọ́dọ̀ lọ. Bí ẹ bá fún ti iwájú tí irin rẹ̀ fi ara kan ọwọ́ alùpùpù, ó ti tú jù. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fún un. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo irin lórí irin, ṣúù ti jẹ tán. Ẹ wo táyà bóyá ojú rẹ̀ ti dán, kí ẹ sì rí i pé atẹ́gùn inú rẹ̀ tó. Owó ṣúù bíréèkì kò tó owó tí a fi ń to egungun.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÀWỌN ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti jáde ní Nàìjíríà ní 1935, ẹgbẹ́ ni ó ti ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti ní ohun tí agbára rẹ̀ nìkan kò ká. Alùpùpù wà lára ohun tí ẹ ń yá owó fún lónìí. Ẹ rántí pé gbèsè kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ dá. Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ sílé kò lè kórè, kò sì lè san owó padà, àwọn tí wọ́n dúró fún un ni yóò ru ẹrù náà.

Nítorí náà, a gbà yín ní ìmọ̀ràn pé kí ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ títí yóò fi fi hàn yín pé òun mọ bí a ti ń dúró. Ẹ lo pápá ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ẹ ri igi méjì mọ́lẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá pẹ̀lú eré kìlómítà 20, kí ó má fún bíréèkì títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà náà, kí ó sì dúró láìṣubú, láìyọ̀. Ẹ fi òkúta sí ibi tí ó dúró sí. Kí ó tún un ṣe títí òkúta yóò fi máa súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ó bá ti ṣe é dáadáa ní ìgbà mẹ́wàá léraléra, kí ó ṣe é pẹ̀lú eré 30, lẹ́yìn náà kí ó ṣe é pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ lẹ́yìn. Kí ó dé akoto ní gbogbo àkókò náà. Òwúrọ̀ méjì tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni kí ó lọ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gùn ún láti ogún ọdún wá, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ jáde sí pápá pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́. Ẹ fi ọwọ́ fún bíréèkì iwájú, ẹ ó sì rí i bí alùpùpù ti ń dúró níwájú ibi tí ẹ rò.

Títí di òní, bí mo bá dé orí òkè tí mo ti ṣubú, mo máa ń yí jíà padà sí kejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ìyá tí ó ru iṣu a ṣì máa kọjá ní kọ́nà náà ní ọjọ́ ọjà. Mo máa ń dúró fún wọn kí wọ́n sọdá.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á máa lọ ire, kí á máa bọ̀ ire.